Igbá Ẹ̀kọ Àwẹ̀ró

Bí ọkùnrin kan bá jẹun yó tán tó wá fi ẹsẹ̀ ti àwo dànù, àwọn àgbà Òkè-Amọ̀ kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní: “Ẹ̀kọ tó gbé ọkọ dìde, orí ìyàwó lọkọ dà á sí, ilẹ̀ ló mu ìyókù, kò sì sẹ́ni tó dìde.” Àlejò tó bá wà níbẹ̀ á máa wo ẹnu wọn bí ewúrẹ́ tó rí ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó ná. Ẹ̀kọ wo ló ń gbé èèyàn dìde? Ẹ̀kọ tí gbogbo wa mọ̀, ṣebí oorun ló ń gbé kọ́ni. Bó bá sì gbé ọkọ dìde lóòótọ́, kí ló dé tí ọkọ ò fi dúpẹ́, tó jẹ́ orí ìyàwó ló dà á sí? Ta ló sọ fún un pé ebi ń pa ilẹ̀? Ta sì ni kò dìde? Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń pa òwe yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti ń hù títí tó fi funfun, tí wọn ò mọ ibi tó ti wá.

Ibi tó ti wá rèé. Ẹni tó bá rí irọ́ níbẹ̀ kó yọ ọ́ sọnù; òótọ́ tó bá kù, á ṣì korò.

Ìlú ẹkẹ ni Òkè-Amọ̀ láyé àtijọ́. Ọmọ ibẹ̀ a máa jìjàkadì kó tó mọ ìrìn. Wọ́n ní bí aboyún bá ru ìbejì níbẹ̀, láti oṣù kẹfà ni inú rẹ̀ á ti máa mì jìgìjìgì. Èyí tó bá dá èkejì ni yóò kọ́kọ́ jáde. Lọ́dọọdún, tí iṣu bá ti wọlé tí ọyẹ́ sì ti mú, wọ́n á ja ẹkẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá jà lónìí, wọ́n á sinmi lọ́la, wọ́n á tún jà ní ọ̀túnla. Ẹni tó bá borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń pè ní Olórí Ẹkẹ. Kì í roko ọba mọ́. Bí àwọn ìjòyè bá jókòó, òun náà á jókòó. Bó bá húkọ́, ìlú á ní “ẹ pẹ̀lẹ́”.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkẹ nìkan ni ìlú ń wá wò. Bí ìjà ọjọ́ kan bá parí, àwọn eléré á jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi odán, ará ilé kálukú á sì gbé igbá ìsinmi wá fún un: ohun tí yóò mu àti ohun tí yóò jẹ, kí agbára tó bá òógùn jáde lè rí ọ̀nà padà wọlé. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣí igbá náà. Kò sí ojú tí kì í wọ inú rẹ̀. Ẹni tí igbá rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ á dé oko kó tó délé.

Òfin kan sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà kan rí, eléré kan dójú ti obìnrin ilé rẹ̀ lójú agbo, obìnrin náà sì fi májèlé sínú igbá tó gbé wá lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fòfin lélẹ̀: igbá tí eléré bá ti kọ̀ lójú agbo, kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́ títí ẹkẹ ọdún náà á fi parí, ẹni tó gbé e wá kò sì gbọdọ̀ kọjá okùn mọ̀rìwò tí wọ́n fi yí agbo ká. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí eléré fúnra rẹ̀ fi orí kan ilẹ̀ níwájú onígbá, kí ìlú mọ̀ pé ìjà ti tán. Bàbá Ẹkẹ ló ń ṣọ́ òfin yìí. Arúgbó olójú kan ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà ju ojú mẹ́fà lọ. Wọ́n ní ó lè jókòó lábẹ́ odán kó rí èèrà tó ń ṣẹ́jú ní ìlú kejì.

Ó wá ku Àwẹ̀ró.

Ẹlẹ́kọ ni Àwẹ̀ró, ọmọ ẹlẹ́kọ, ọmọ-ọmọ ẹlẹ́kọ. Ó ti lọ àgbàdo lórí ọlọ débi pé apá rẹ̀ ọ̀tún tó apá ọkùnrin méjì. Nígbà tó ṣì wà nílé ìyá rẹ̀, ó ń kiri ẹ̀kọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ló bá gbọ́ igbe ní ọ̀nà odò, igbe bíi ti ẹran tó rí ọ̀bẹ. Nígbà tó dé ibẹ̀, géńdé kan ló rí tó nà gbalaja sínú eruku, tó di ẹsẹ̀ mú, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín?”

“Pajápajá! Pajápajá ni o! Ẹsẹ̀ mi fẹ́ já lọ!”

Ajíbóyè eléré ẹkẹ ni. Ó ti dá èèyàn mẹ́ta láàárọ̀, ó da ẹmu sí inú òfìfo, ó wá ń bá oòrùn jà bọ̀ nílé. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún.

Àwẹ̀ró sọ igbá kalẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi omi kíkan orí ògì là á, ó fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ sí i, ó kán oyin díẹ̀ lé e. Ó gbé orí géńdé náà kúrò nínú eruku, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan fún un mu, ó ń fi ọwọ́ kejì fa iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́.

“Ẹ má gbé e mì wàrà. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ ò ní sá lọ.”

Kí eṣinṣin tó fò láti etí igbá kan dé etí èkejì, Ajíbóyè ti dìde. Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ nà. Ó fò sókè, ó balẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà.

“Ta ló bí ọ?”

“Ẹlẹ́kọ ló bí mi.”

“Ó dáa. Èmi ló máa fẹ́ ọ.”

Bó ṣe di aya rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti lo ọdún mẹ́fà pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Kò lo ogójì ọjọ́ tó fi padà síbi tó ti wá. Ẹ̀kọ tí Àwẹ̀ró fi ìka tọ́ sí i lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò tó ìdajì igbá. Láti ìgbà náà, ọkọ ni Àwẹ̀ró ń bọ́ bí ọmọ.

Kì í sì í bọ́ ọ lásán. Bí ọjọ́ ẹkẹ bá ku mẹ́ta, á ti rẹ àgbàdo, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó tòrò, kí omi orí ògì lè kan dáadáa. Nígbà tí àwọn aya eléré yòókù bá ru iyán tó ga bí òkìtì ọ̀gán dé abẹ́ odán, pẹ̀lú itan ìgalà àti agbè ẹmu mẹ́ta, Àwẹ̀ró á gbé igbá tirẹ̀ wá: ẹ̀kọ oníyọ̀ olóyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n méjì tí wọ́n sè, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, àti omi tútù láti inú amù. Nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ nílé tán ni yóò tó gbé ẹ̀wà àti ẹyin awó síwájú rẹ̀.

Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín.

“Àwẹ̀ró! Ṣé ọmọ yín ti ń yọ eyín ni?”

“Ó ń yọ ọ́ o!” Àwẹ̀ró náà á fèsì. “Ọ̀túnla ló máa fi gé ọkọ yín jẹ!”

Bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn oníyán á jí ní ọ̀túnla, ara wọn á le bí igi ìdáná. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹun débi pé nígbà tí wọ́n ní kó dìde wá jà, igi odán ló kọ́kọ́ fẹ́ dìde. Pajápajá á máa mú wọn kiri agbo bí ẹni ń mú adìẹ. Ajíbóyè á wọlé, á fúyẹ́ bí ewé, á máa kó wọn lélẹ̀. Lọ́dún kan, ó ku èèyàn kan kó di Olórí Ẹkẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ku díẹ̀ náà ni. Lọ́dún kẹfà, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó tún lè gba oyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Ọ̀dọ̀fin ti rí i.

Ìjòyè ńlá ni Ọ̀dọ̀fin, ikùn rẹ̀ a máa dé ààfin ṣáájú rẹ̀, wọ́n á kí ikùn tán kí wọ́n tó kí òun. Ó ní ọmọbìnrin kan, Ìbíyẹmí, arẹwà tó mọ̀ pé òun rẹwà, èyí tó burú jù nínú ẹwà. Lọ́jọ́ karùn-ún ẹkẹ, Ọ̀dọ̀fin pe Ajíbóyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ajíbóyè, ọmọ mi. O dá gbogbo wọn.”

“Àdúrà yín ni, bàbá.”

“Ṣùgbọ́n nígbà tí o jókòó lórí ẹní, ojú tì mí fún ọ. Ẹni tó máa bá wa jókòó lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀kọ ẹlẹ́kọ ló ń mu? Ìbíyẹmí ti dàgbà. Nílé tèmi, a ò mọ ẹ̀kọ í rò. Iyán la mọ̀. Á gbé igbá wá fún ọ.”

Ajíbóyè délé, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, má gbé igbá wá ní ọ̀túnla.”

“Kí ló dé, olówó orí mi?”

“Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Láti ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ẹ̀yin lẹ ń dá wọn. Èwo ló dùn níbẹ̀?”

“Ilé Ọ̀dọ̀fin ló máa gbé igbá wá.”

Àwẹ̀ró mọ ohun tí igbá Ọ̀dọ̀fin túmọ̀ sí. Aya tuntun ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn ún. Orogún kì í pani. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

“Tó bá wù yín, ẹ fẹ́ ilé Ọ̀dọ̀fin pọ̀ mọ́ ọmọ Ọ̀dọ̀fin,” ló wí. “Mo máa gbá ẹ̀yìnkùlé dè é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀kọ yìí parí ẹkẹ ọdún yìí. Ẹ̀yin ò rántí ọ̀nà odò ni?”

“Ọ̀nà odò wo?”

Àwẹ̀ró wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò gbàgbé. Ó rántí, ohun tó rántí yẹn gan-an ni kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀: pé òun ti sùn sínú eruku rí, tí òun ń sunkún, tí ọmọ ẹlẹ́kọ gbé orí òun lé itan.

Lọ́jọ́ keje, Ajíbóyè dá ẹni tí wọ́n fi síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe dá a tán, Àwẹ̀ró rí nǹkan kan láti ẹ̀yìn okùn. Iṣan ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀ ń fò pìpì lábẹ́ awọ, bí àkèré tó há sínú àpò. Ó gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún un. Ó gbé igbá tó ṣì tọ́jú wá láti ilé, ó kọjá okùn, ó wọ abẹ́ odán.

Ìbíyẹmí ti débẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló bá a ru oúnjẹ tó gbé wá. Àgbò odindi ló wà lórí iyán náà, ó jókòó bí ìjòyè. Ẹni tó bá kọjá, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́kọ,” ni Ìbíyẹmí wí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, “ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni? Ẹ̀kọ ọmọ ọmú lẹ tún gbé wá fún akọni?”

Ẹ̀rín sọ. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ṣí igbá.

“Olówó orí mi, ẹ mu díẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ òsì yín ń fò. Mo rí i.”

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Ohùn ẹlẹ́kọ ni ohùn rẹ̀, ohùn tó ti ń polówó láti kékeré, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo abẹ́ odán ló gbọ́ ọ. Àwọn tí Ajíbóyè ti dá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kúdẹ̀yìnbù, tí yóò bá a jà lọ́jọ́ kẹsàn-án, na ọrùn wò ó.

Ajíbóyè gba igbá náà. Àwẹ̀ró rò pé ó fẹ́ mu ún.

“Ẹ̀kọ ọmọ ọmú ni, àbí?” ni ó wí. “Kí ẹni tó bá ní ọmọ ọmú gbé e fún un. Ìwọ, ọmọ tìẹ dà?”

Ó da igbá náà dé e lórí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ̀kọ ń ṣàn nínú irun Àwẹ̀ró, ó ń gba ẹ̀yìn etí wọ ọrùn, ó ń gba iwájú orí wọ ojú. Kò jó o. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ìka dán an wò nílé, kó má baà jó ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Bàbá Ẹkẹ fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Ajíbóyè, ṣé o kọ igbá yìí?”

“Mo kọ̀ ọ́.”

“O mọ òfin?”

“Mo mọ òfin! Mo kọ̀ ọ́, mo kọ̀ ọ́!”

“A ti gbọ́. Àwẹ̀ró, ọmọ mi, dìde. Padà sẹ́yìn okùn.”

Àwẹ̀ró he igbá rẹ̀ tó ṣófo, ó dìde, ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Ajíbóyè sì sinmi nílé Ọ̀dọ̀fin. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ jù: iyán tí wọ́n gún nílé yẹn lọ́jọ́ náà, ìró odó rẹ̀ fọ́ ìkòkò mẹ́rin ní àdúgbò kejì. Ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ tí oòrùn ń wọ̀. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ẹmu ni. Kò fi ẹnu kan omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Àwẹ̀ró jí, ó sì bá ara rẹ̀ nídìí ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń ro ẹ̀kọ. Ó wo ọwọ́ náà, ó bú u: “Ọwọ́ aláìnítìjú! Ṣé wọn ò da ti ìjẹta sí ọ lórí ni?” Ọwọ́ ò gbọ́. Ó là á, ó mú iyọ̀ sí i, ó kán oyin. Ó tún fi ìka dán an wò.

Nígbà tó dé ìdí okùn mọ̀rìwò, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, kò kọjá. Àwọn èèyàn sún fún un bí ẹni sún fún olókùú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jà. Ẹni tó bá dáni lẹ́ẹ̀mejì ló borí. Kúdẹ̀yìnbù kì í ṣe èèyàn ńlá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ arúgbó ló ń gbé ẹ̀wà àti omi wá fún un. Ní àkọ́kọ́, Ajíbóyè gbé e, ó jù ú sókè débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní ó yà kí àwọn ẹyẹ nílé wọn kó tó balẹ̀. Agbo hó yèè.

Wọ́n jókòó sinmi díẹ̀. Ajíbóyè gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé ó kàn gbé e síbẹ̀ lásán ni. Àwẹ̀ró rí i. Bàbá Ẹkẹ náà rí i. Arúgbó náà tọ̀ ọ́ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti dákẹ́, wọ́n sì ń gbọ́.

“Ìyàwó rẹ wà lẹ́yìn okùn. Igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fi orí kan ilẹ̀ níbi tí o wà yìí, màá gbé okùn sókè fún un. Ìṣẹ́jú kan ni, Ajíbóyè. Kò sí ẹni tó kú nítorí ìdọ̀bálẹ̀.”

Ajíbóyè gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bá ti Àwẹ̀ró pàdé. Àwẹ̀ró gbé igbá náà sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé tó bá fẹ́ sọ pé ó ti tó mu. Fún ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ẹni pé orí Ajíbóyè fẹ́ tẹ̀.

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín láti orí àpótí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé iwájú ẹlẹ́kọ ni Olórí Ẹkẹ yóò ti máa dọ̀bálẹ̀?”

Orí náà dúró.

“Láti ìgbà tí mo ti ń jà,” ni Ajíbóyè pariwo, kí gbogbo agbo lè gbọ́, “orí mi ò kan ilẹ̀ rí! Kò ní kàn án lónìí!”

Agbo tún hó. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni.

Ajíbóyè gbé ẹmu mu. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, Kúdẹ̀yìnbù sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Àwọn kan ní ó yọ̀ ni. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ajíbóyè bínú. Ó ki Kúdẹ̀yìnbù mọ́lẹ̀ nídìí, ó gbé e kọ́ èjìká, gbogbo agbo dìde dúró. Ìgbà náà ni pajápajá dé. Kò mú ẹsẹ̀ kan. Ó mú méjèèjì, ó mú itan, ó gun ẹ̀yìn lọ. Ajíbóyè ké igbe kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró sì mọ igbe náà. Ó ti gbọ́ ọ ní ọ̀nà odò. Ajíbóyè fi orí sọlẹ̀, Kúdẹ̀yìnbù sì wó lé e. Nǹkan kan dún kọ́ọ́ ní ọrùn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ.

Kúdẹ̀yìnbù fò dìde. “Ẹ gbà mí o! Èmi kọ́! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ̀!”

Kò sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n fa ẹsẹ̀ Ajíbóyè, ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n fa òun. Wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ padà bọ́ sílẹ̀. Ojú àti ẹnu nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ lára ọkùnrin tó tó erin. Ọ̀dọ̀fin dìde, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n gbé igbá ilé òun padà sílé. Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e. Àgbò orí iyán tuntun tó gbé wá kò tíì tutù.

“Àwẹ̀ró.”

Ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ.

“Àwẹ̀ró, gbé e wá. Orí mi ti kan ilẹ̀.”

Bàbá Ẹkẹ wo ilẹ̀, ó wo orí tó wà nínú eruku, ó nu ojú rẹ̀ kan. Ó fúnra rẹ̀ gbé okùn mọ̀rìwò sókè. “Òfin gbà á. Wọlé, ọmọ mi.”

Àwẹ̀ró wọlé. Ó dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí. Eruku wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi ti ọjọ́ ọ̀nà odò, omijé ń ṣàn nínú rẹ̀, ó sì la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Itan Àwẹ̀ró fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó wá gbọ́ ọ nínú etí rẹ̀, ketekete, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́: *ìwọ, ọmọ tìẹ dà?*

“Bàbá Ẹkẹ,” ni ó wí, “èmi ò rí i kó fi orí kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ló wá orí rẹ̀ kàn.”

Ó yí igbá dà. Ẹ̀kọ náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ajíbóyè, ìwọ̀n ìka méjì sí ẹnu rẹ̀. Ó yọ ahọ́n, ahọ́n ò débẹ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀ gan-an lọ́dún náà. Kí wọ́n tó pe “pẹ̀lẹ́”, ilẹ̀ ti mu ún tán.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ajíbóyè fi sùn sórí ẹní nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ẹ̀kọ ẹlòmíràn. Ìgbà mìíràn á jó o lẹ́nu, ìgbà mìíràn á ti dì. Àwẹ̀ró padà sílé ìyá rẹ̀. Ó dojú ọlọ rẹ̀ délẹ̀, kò sì yí i padà mọ́. Kò fẹ́ ọkọ, kò kiri, kò lọ àgbàdo. Àwọn tó ń to eegun wá bá a, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n ní ọrùn tó ti ṣẹ́, kò sí ẹ̀kọ tó lè gbé e dìde, ì báà jẹ́ oyin nìkan ni wọ́n fi rò ó.

“Ṣé ó dá yín lójú?” ni ó máa ń bi wọ́n.

Wọ́n á wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ó dá lójú. Kò sí ẹni tó dán an wò.

Nígbà tí Ajíbóyè kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Ó wá, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá sàréè. Bàbá Ẹkẹ ti kú tipẹ́. Kúdẹ̀yìnbù, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, ló wà ní ipò rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó olóògbé fi gbólóhùn kan sin ọkọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró wo kòtò náà, ó wí pé:

“Ẹ̀kọ tó gbé ọkọ dìde, orí ìyàwó lọkọ dà á sí, ilẹ̀ ló mu ìyókù, kò sì sẹ́ni tó dìde.”

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó fẹ́ dìde kó máa lọ sílé. Kò lè dìde. Àwọn obìnrin méjì ló gbé e.